Ta Ni Yóò San Owó Ìdọ̀tí Etí Ọ̀sà?

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdọ̀tí ní ìlú etí ọ̀sà, pàápàá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: báwo la ṣe máa rí owó tí a ó fi kó o, báwo la sì ṣe máa rí owó tí a ó fi sọ ọ́ di àtúnlò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwà àwa ènìyàn: pé ọ̀bùn ni wá, pé gọ́tà la máa ń da ilẹ̀ sí, pé ọmọ òní ò gba ẹ̀kọ́ ilé mọ́. N kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí n kò gbà pé ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Ìyàwó ilé tó ń gbálẹ̀ àgbàlá rẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀bùn. Ibi tí yóò kó ohun tó gbá sí ni kò sí, kò sì sí nítorí pé owó rẹ̀ kò sí. Ohun tí mo wá sọ ni pé ibi tí a ti ń béèrè owó ìdọ̀tí ni kò tọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ilé la ti ń béèrè rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹni tó ra nǹkan ti lò ó tán, tí kò fẹ́ fojú rí ìyókù rẹ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé ibi tí nǹkan ti ń wọ ìlú ni kí a ti gba owó náà: ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù, ní òtẹ́ẹ̀lì, ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ní ẹnu ọ̀nà ààtàn. Owó tí a bá sì gbà ní ìlú kan, ìlú náà ni kí ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Àwọn àgbà tó wà láàrin wa kò tíì gbàgbé wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọlé onílé, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú ẹni tí àyíká rẹ̀ bá dọ̀tí lọ sí kóòtù. Iṣẹ́ wọn yọrí nítorí pé ìdọ̀tí ayé ìgbà yẹn kò ju ewé, eérú, èèpo iṣu àti oúnjẹ àjẹkù lọ. Ewúrẹ́ àti adìyẹ jẹ nínú rẹ̀, ilẹ̀ jẹ ìyókù, kò gba owó tabua. Ní 1977, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oṣù January sí February ọdún náà ni àjọ̀dún àṣà FESTAC wáyé ní Èkó, tí àlejò láti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ya wọ ìlú, orúkọ burúkú sì ti dà mọ́ Èkó lára pé olú-ìlú tó dọ̀tí jù lágbàáyé ni. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún pípalẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ àjọ náà ní 1981, ó sì di LAWMA ní 1991. Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni wọ́n bí i, ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀. Nígbà tí owó epo fà sẹ́yìn, ìjọba ológun ti 1984 ní kí ará ìlú fi apá ara wọn ṣe é, ìyẹn ni ìmọ́tótó àyíká tí a máa ń ṣe ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ètò yẹn náà dópin ní Èkó ní 2016, lẹ́yìn tí kóòtù sọ pé kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, orúkọ àjọ yí padà, ọkọ̀ yí padà, àwọ̀ aṣọ agbálẹ̀ yí padà. Ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn ni ti ẹni tí yóò máa sanwó nígbà tí owó epo bá tán.

Ìdáhùn tí à ń lò báyìí ni PSP. Ìjọba pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé oníṣòwò kan lọ́wọ́ pé kí ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ kó ìdọ̀tí ibẹ̀, kí onílé àti ayálégbé sì máa san owó fún un. Ní Súrùlérè tí ilé fara kan ilé, ọkọ̀ lè kún kó tó jáde ní òpópónà mẹ́ta. Ẹ wá gbé ọkọ̀ yẹn kan náà dé Ìmọ̀ta, Àgbọ́wà tàbí Ẹ̀jìnrìn, tàbí àwọn abúlé apẹja tó wà létí omi láti Báyẹkù lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Ilé jìnnà síra wọn, ọ̀nà kò dán, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló lè débẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún ilé ló wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ kan, tí ogójì péré nínú wọn sanwó. Dísù tí ọkọ̀ yóò mu kò dín kù nítorí pé ọgọ́ta ilé kò san. Ohun tí oníṣòwò náà lè ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Ó lè fi owó kún ti ogójì tó ń san, kí ogójì di ọgbọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. Ó lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù dípò ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ń san máa béèrè pé kí gan-an làwọn ń sanwó fún. Tàbí kí ó má wá mọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ìkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣirò owó lásán ni. Ọlọ́mọlanke ló ń gba ipò rẹ̀: yóò gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ onílé, yóò sì da ẹrù rẹ̀ sí ibi tó bá yá jù, tí í ṣe ojú àgbàrá tàbí etí ọ̀sà. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, nǹkan bíi 535,000 ènìyàn ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú, nǹkan bíi 181,000 ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mọ Ìgbógbó tàbí Odòguńyàn mọ̀ bí ilé ṣe rọ́ lu ibi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tí a gbà ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn kò yàtọ̀.

Ìjọba kan ti gbìyànjú láti yí i padà, ó sì yẹ ká kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní 2017, lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Aḿbọ̀dé, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àyíká tuntun, ó sì gbé ètò tí wọ́n pè ní Cleaner Lagos Initiative jáde. Wọ́n mú ìdọ̀tí inú ilé kúrò lọ́wọ́ PSP, wọ́n fi lé ilé-iṣẹ́ Visionscape lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí onílé máa san owó kan tí a ó ṣírò lórí ilé rẹ̀. Àwọn PSP gba kóòtù lọ. Kí 2018 tó parí, òkìtì ìdọ̀tí ti kún òpópónà, wọ́n sì ti tún ké sí PSP pé kí wọ́n padà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ìtàn yìí sí ìtàn òṣèlú, òṣèlú sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ètò náà pààrọ̀ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, ó pààrọ̀ ẹni tó ń kọ bíìlì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé náà ni wọ́n tún lọ dúró sí. Ará ìlú tí kò san ti àná kò rí ìdí tí yóò fi san ti òní, àgàgà nígbà tí bíìlì dé kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló dé tí à ń dààmú nípa owó, ṣé ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ kọ́ lowó? A ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí pé ọrọ̀ wà nínú ìdọ̀tí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dúró ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kí a fi ojú ara wa wò ó. Ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹja àrọ̀, òbòkún, edé àti akàn dórí pákó. Oníbàárà tó wa mọ́tò wá láti Lẹ́kì ná ẹja, ó ná an títí ó fi dọ́gba, ó sanwó, ó sì gbé e fún àwọn ìyá tó ń fọ ẹja. Ọ̀bẹ gbá ìpẹ́ dànù, ó la inú, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ sílẹ̀. Ẹja wọ inú ọ̀rá dúdú, wọ́n tún fi ọ̀rá dúdú mìíràn dè é kí omi má baà jò sínú bóòtù. Oníbàárà ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ. Nínú ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ yẹn, èwo la fẹ́ tà? Ẹni tó ń ra ike àlòkù á ra ike omi tó mọ́, tí wọ́n ti yọ ìdérí rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n dì sínú àpò, tí wọ́n sì gbé sórí òṣùwọ̀n. Á ra agolo, á ra irin, á ra páálí gbígbẹ. Kò ní ra ọ̀rá dúdú tí omi ẹja ti dà sí. Kò ní ra ìfun ẹja. LAWMA máa ń sọ pé ìdọ̀tí ìpínlẹ̀ Èkó tó tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni nǹkan tútù tó ń jẹrà: èèpo, ewé, oúnjẹ, ìdọ̀tí ọjà.

Nǹkan tútù yìí náà lè wúlò, Ìkòròdú sì ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní Odòguńyàn ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀ sí. Ní àkókò náà, ètò kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi ń sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, wọ́n sì forúkọ iṣẹ́ Ìkòròdú yìí sílẹ̀ níbẹ̀. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2012, iye tí wọ́n ń ra ìdínkù èéfín yẹn lọ́jà àgbáyé ti já wálẹ̀ pátápátá, ìlú tó bá sì gbé gbogbo ọkàn lé irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní fọkàn balẹ̀ sùn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kò yẹ kí àtúnlò máa ṣe bí ẹni pé òun lè bọ́ ara òun. Ó lè dín ìnáwó kù. Ó lè fún ọ̀dọ́ níṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí Wecyclers, tí Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ti fi hàn nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gba ike lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣa ike kò lè tìtorí rẹ̀ kó ìfun ẹja lọ. Àyàfi kí owó wá láti ibòmíràn.

Níbo wá ni ibòmíràn yẹn? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ike tó gba ìgboro, ìgò ni míńírà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbé míńírà lọ sílé, wàá kọ́kọ́ gbé ìgò òfìfo kalẹ̀. Bí o kò bá ní ìgò, wàá san owó ìgò, ìyẹn owó ìdógò, ìyá oníṣọ́ọ̀bù á sì dá a padà fún ọ lọ́jọ́ tó o bá gbé ìgò dé. Ọmọdé mọ iye ìgò tó wà nínú kéréètì bàbá rẹ̀. Ta ló rí òkìtì ìgò míńírà nínú ọ̀sà nígbà yẹn? Kì í ṣe pé àwọn òbí wa fẹ́ràn ọ̀sà jù wá lọ. Ìgò ni wọ́n mọ̀ pé owó ni, ẹni tó bá sì jù ú nù, ọlọ́gbọ́n kan á mú un. Ike ló pa ètò yẹn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta á bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó gbígba ìgò padà, ó sì ti ìnáwó náà sọ́rùn ìlú. Ilẹ̀ Jámánì rí irú èyí, wọ́n sì dá owó ìdógò padà sórí ike àti agolo ní 2003. Sẹ́ńtì 25 lórí ike kan ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ike tí kì í padà. Ní tiwa, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àtúnlò, òfin àpapọ̀ sì ti wà tó ní kí ẹni tó ṣe nǹkan mójútó ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní January 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin tó de àwọn ike àlòsọnù mìíràn ṣẹ láti ọjọ́ kìíní July 2025. Mo fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, ìfòfindè nìkan kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ẹni tí yóò kó èyí tó ti wà nílẹ̀. Owó ìdógò ló ń mú un wọlé, nítorí ike tí kò bá padà fi owó rẹ̀ sílẹ̀, owó yẹn sì ni a ó fi wá a rí. Ti omi píọ̀-wọ́tà ni n kò ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò gbé ọ̀rá kan ṣoṣo padà sí ṣọ́ọ̀bù, tálákà ló sì ń mu ún jù. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ọ́ ni kí a ti gba owó kékeré lórí àpò oní-ogún, kí ó mọ síbẹ̀.

Ẹnìkejì tó yẹ kó sanwó ni àlejò. Nígbà ayẹyẹ Kàyọ̀kàyọ̀, tí àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé wọn kúrò l'Ékòó ní 1851, ìlú máa ń kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìkòròdú nígbà ọjọ́ Ìkòròdú-Ọ̀gá. Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ibùdó ìgbafẹ́ etí omi, wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń mutí, wọ́n ń fi ìdọ̀tí wọn sílẹ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n má wá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé òfin tí a ó fi gba owó lọ́wọ́ wọn ti wà. Láti 2009 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin pé kí ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, tó jẹun ní ilé oúnjẹ tàbí tó lo gbọ̀ngàn ayẹyẹ san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó ná. Ẹjọ́ pọ̀ lórí òfin yẹn àti VAT tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ní 2013 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àmójútó òtẹ́ẹ̀lì àti ìrìn-àjò afẹ́ inú rẹ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tí kò sí nínú òfin náà ni gbólóhùn kan péré: pé kí ìpín kan nínú owó tí a bá gbà ní Ẹ̀pẹ́ dúró ní Ẹ̀pẹ́ láti fi kó ìdọ̀tí Ẹ̀pẹ́. Cape Verde, orílẹ̀-èdè erékùṣù ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, ti ń gba owó lọ́wọ́ àlejò lórí oru kọ̀ọ̀kan tó bá sùn láti 2013. Ìlú Venice bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yúrò márùn-ún lọ́wọ́ àwọn tó ń wá lówùúrọ̀ tí wọ́n ń lọ lálẹ́ ní April 2024. Ní February ọdún kan náà, erékùṣù Bali bẹ̀rẹ̀ sí í gba rúpíà 150,000 lọ́wọ́ àlejò òkèèrè.

Mo mọ ohun tí àwọn onílé ìtura yóò sọ: pé àlejò yóò sá lọ. Ó yẹ ká dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí àwọn náà ń gba ènìyàn síṣẹ́. Venice kò ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni Bali kò ṣófo. Ní tiwa, n kò dábàá owó tuntun kan lórí àlejò, ìdá márùn-ún tó wà nínú òfin ni mo ní kí ìlú rí nínú rẹ̀. Ohun tó ń lé àlejò sá ní etí ọ̀sà ni òórùn, eṣinṣin, àti ọ̀rá tó máa ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ewéko tó léfòó bá ti gba ojú omi lásìkò òjò, tí awakọ̀ yóò ní láti pa ẹ̀rọ, kí ó tẹ̀ wálẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ já a. Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ni ọ̀sà mímọ́ ń ṣe láǹfààní. Ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, omi ọ̀sà ló fi ń mú ẹ̀rọ rẹ̀ tutù. Apẹja, ọlọ́kọ̀ ojú omi, oníyanrìn, gbogbo wọn ló ń jẹ lára ọ̀sà.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, òun náà ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú tó ní ìdọ̀tí tirẹ̀ nìkan. Ààtàn ńlá wà ní Ewú Ẹlẹ́pẹ́ ní Ìkòròdú, òmíràn wà ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí iná ti jó ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta ní March 2018, tí ìjọba sì ti kéde pé òun yóò ti Olúsosùn àti ààtàn Solous pa, gbogbo ẹni tó lójú ló mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ìdọ̀tí Èkó yóò máa tọ̀: ọ̀nà apá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà. Ilẹ̀ wa ni yóò gbà á, kànga wa ni omi rẹ̀ yóò jò sí bí wọn kò bá tẹ́ ilẹ̀ ààtàn dáadáa, ọ̀nà wa ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò bà jẹ́. Kí ni Ẹ̀pẹ́ ń gbà fún un? Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń gbé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí ohun tí a bá gbé lọ sí ààtàn ní October 1996. £7 lórí tọ́ọ̀nù kan ni nígbà náà, ó ti kọjá £100 báyìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni wọ́n ti fàyè gba àwọn tó ni ààtàn láti fi díẹ̀ nínú owó náà ṣe iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀. Ohun méjì ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ìdọ̀tí tó ń lọ sí ààtàn dín kù gan-an nítorí àtúnlò ti wá dínwó jù ú lọ, ará àdúgbò náà sì rí nǹkan kan jẹ́ nínú ìyà tó ń jẹ wọ́n. Mo sọ ọ́ láìfi bò: ọkọ̀ tó bá gbé ìdọ̀tí Ìkẹjà tàbí Lẹ́kì wọ Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ san owó fún Ẹ̀pẹ́ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ní ẹnu ọ̀nà, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ kò ní san.

Ọwọ́ ta ni owó yóò wà? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ìpalẹ̀mọ́ ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà káńsù ni, àti àwọn káńsù ìdàgbàsókè bíi Ìgbógbó-Báyẹkù, Ìmọ̀ta, Ìjẹ̀dẹ́, Ẹ̀rẹ̀dò àti Ìkòsì-Ẹ̀jìnrìn. N kò sọ pé kí LAWMA lọ. Ààtàn, ọkọ̀ ńlá àti òṣùwọ̀n gbogbogbòò, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àpò owó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí ìdọ̀tí wà. Ẹ wo Gánà: ní 2021, wọ́n fi pẹ́sẹ́wà mẹ́wàá kún lítà epo bẹntiróòlù àti dísù kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Owó náà rọrùn láti gbà, kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Àpò ìjọba orílẹ̀-èdè ló sì ń wọ̀ nígbà náà, ẹni tó ń ra epo ní Tàmálè kò lè tọ́ka sí gọ́tà kan pé èyí ni owó mi. Mo gba apá kìíní ètò náà, n kò gba apá kejì.

Wọn yóò sọ pé bí owó bá sún mọ́ wa, àwa náà ni a ó jẹ ẹ́. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni pé kò sí olè ní káńsù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Owó tí wọ́n jẹ ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àlàúsá, ará Ẹ̀jìnrìn kò lè mọ̀. Owó tó wọlé láti òtẹ́ẹ̀lì méjìlá àti ààtàn kan, tí wọ́n kọ sára pátákó ní ẹnu ọjà Olúwo lóṣooṣù pẹ̀lú iye ẹrù tí ọkọ̀ kó, ìyálọ́jà tó ń wo ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ lè kà á, kó sì sọ pé irọ́ ni, ọkọ̀ ò wá lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Kí olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) àti aṣojú ọjà wà lára àwọn tó ń fọwọ́ síwèé kí owó tó jáde. Àwọn kan yóò tún sọ pé tálákà ló ń jìyà nígbà gbogbo. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: ìyá tó ń ta àkàrà ń san bíìlì kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ra míńírà oní-ike ní kéréètì-kéréètì. Bí owó bá ti wà lára ike, lára yàrá òtẹ́ẹ̀lì, lára gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà, ẹni tó ń ná púpọ̀ ni yóò san púpọ̀, bíìlì ilé yóò sì wálẹ̀ débi tí ọgọ́ta ilé tí kì í san yẹn yóò fi lè san án. Ọmọ ìyá alákàrà náà sì lè ṣa ike kó fi gba owó ìdógò.

Ẹ̀yin alága àti kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn ní July 2025, ọ̀dọ̀ yín ni mo fàbọ̀ sí. Òfin káńsù ò le láti kọ. Kí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe ìyálọ́jà Olúwo, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Ìpakodò, àwọn onílé ìtura àti ará Ewú Ẹlẹ́pẹ́ jọ, kí ẹ kọ ọ́ pé àpò ìdọ̀tí yóò dá wà, pé a kò ní fi san owó oṣù, a kò ní fi ra jíìpù. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún òfin 2009, kí wọ́n ṣe òfin owó ìdógò lórí ike, kí wọ́n sì fún ìlú tó gba ààtàn ní owó lórí tọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin ará ìlú, lọ́jọ́ tí káńsù bá pè yín sí ìpàdé ìṣúná, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ béèrè èló ló wọlé, èló ló jáde, ọkọ̀ mélòó ló kó ìdọ̀tí lóṣù tó kọjá, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dá yín lóhùn.